Ọdún Tí Wọ́n So Yìgì Rísì

Ní ilé wa ní Awendjé, ní ìlú Libreville, omi ló máa ń jí mi, kì í ṣe ìpè àdúrà. Kí ẹnikẹ́ni tó pe ìrun àsùbáà, ìyá bàbá mi á ti máa bu omi láti inú garawa sínú àwọn búta oníke tí a tò sí ẹ̀bá ògiri, màá sì máa gbọ́ lórí ẹní mi bí ohùn omi ṣe ń yí padà bí búta kọ̀ọ̀kan ṣe ń kún. Òwò búta ni ìyá náà ń ṣe. Ó ní ìsọ̀ kan ní ọjà Mont-Bouët tó ti ń ta búta, ẹní ìkírun àti abọ́ tánńganran, kò sì sí Mùsùlùmí kan tó ń ná ọjà yẹn, ìbáà ṣe Haúsá, ìbáà ṣe ará Màlì, tí kò mọ ìsọ̀ Alájà Sàlámọ̀tù. Gbogbo wa nínú ilé ń pè é ní Màmá. Ìyá tó bí mi la ń pè ní Mọ́mì. Olúkúlùkù ló ní búta tirẹ̀. Ti bàbá mi jẹ́ àwọ̀ búlúù, ti ẹ̀gbọ́n mi Rísì jẹ́ pupa, tèmi sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹnu tèmi ti là, omi á sì ti dà sí mi láṣọ kí n tó ṣe àlùwàlá débi ẹsẹ̀. Mo sunkún títí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Màmá ní kí n lọ ra òmíràn lọ́jà, kí n sì mọ̀ ọ́n ná dáadáa, nítorí ọ̀dọ̀ òun náà ni màá ti rà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dáhùn. Ẹ̀rín á pa ọ́, ohun tí o bèèrè kò sì ní tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ilé pákó onípáànù la gbé nígbà náà. Tí òjò Libreville bá dé, a kì í gbọ́ ara wa mọ́, ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ títí yóò fi dá. Tó bá wá dá, ariwo mìíràn á gba ilé: fèrè takisí lójú títì, rédíò obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, àti Rísì tó ń fi ohùn òkè há ẹ̀kọ́ ìtàn sórí, tó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn búta. Ọwọ́ aládùúgbò yẹn ni Mọ́mì ti kọ́ oúnjẹ ìlú náà. Á fi omi gbígbóná rọ àtángà, èso dúdú kan tó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu, a ó sì fi jẹ gbágùúdá lílọ̀ tí wọ́n fi ewé dì gbọọrọ. Màmá ní òun kò ní jẹ igi tí wọ́n fi ewé wé. Á wí bẹ́ẹ̀ tán, á sì jẹ ẹ́ tán. Èdè Faransé nìkan ni kò fún láyè rárá. "Ẹni tó bá fi Faransé kí mi láàárọ̀," á wí, "kó máa mu Faransé dípò ẹ̀kọ." Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ èyí ní Yorùbá lónìí, èmi tó jẹ́ pé Faransé ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò láti àárọ̀ dọ́sàn-án.

Màmá ni Ìyá Àdínnì mọ́ṣáláṣí àwa Yorùbá ní àdúgbò náà. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ oyè yìí á rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Irọ́ ni. Lójú àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ wa, oyè ìdáná ni. Wọ́n wé láwàní fún un, wọ́n ṣe àdúrà gígùn, wọ́n pọ́n ọn lé, lẹ́yìn náà wọ́n fi ìkòkò hàn án. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alásàlátù rẹ̀ ló ru iyanrìn tí wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí yẹn. Mo fi ojú mi rí wọn, ọmọ lẹ́yìn, iyanrìn lórí. Nígbà tí ilé parí, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n fún wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́, wọ́n sì ta aṣọ ìkélé kan tó nípọn débi pé etí nìkan ni wọ́n fi ń bá Lèmọ́mù kírun. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pàdé ní àgbàlá wa. Wọ́n á ṣe àsàlátù, wọ́n á yin Ànábì títí ara á fi yá gbogbo wọn. Tí wọ́n bá parí, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ gidi á bẹ̀rẹ̀: ta ni ọkọ ń lù, ta ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ọmọ ta ni wọ́n yọ kúrò níléèwé. Èmi ni mò ń ká ẹní nílẹ̀, mi ò sì yára ká a.

Ìtàn kan wà tí Màmá fẹ́ràn láti máa sọ fún wọn, a ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdébìnrin nílé, òun lọ fọ aṣọ lódò. Nígbà tí òun dé, àgbàlá ti kún, àwọn èèyàn ń jẹ ìrẹsì. Inú òun dùn, torí ọdún sí ọdún ni wọ́n ń rí ìrẹsì jẹ nílé wọn. Òun bu, òun jẹ, òun tún bu sí i. Òun wá bi àbúrò ìyá òun pé, "Ìrẹsì ta ni?" Ó ní, "Ìrẹsì ìyàwó ni." "Ta ni ìyàwó?" "Ìwọ ni." Ìgbà tó ń fún aṣọ lódò ni wọ́n ti so yìgì rẹ̀, bàbá rẹ̀ ti bá a gbà, òun fúnra rẹ̀ sì ti fi ìrẹsì ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ àjẹyó. Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Màmá kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Á wo ọ̀kánkán, á ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí." Mo ń gbọ́ gbólóhùn yẹn ṣáá kí n tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ láti kékeré pé tí wọ́n bá gbé ìrẹsì fún Màmá níbi ìyàwó, ẹlòmíràn ló máa ń gbé e fún.

Ọ̀rọ̀ Sáfù ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn. Nàgó ni ìyá Sáfù, ará apá Kútọnu, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Màmá. Wọ́n ti so yìgì ọmọ yìí fún ọkùnrin àgbà kan. Wọ́n bi í lóòótọ́, láti ẹnu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹkún ti dí i lọ́fun, kò lè fọhùn. Lèmọ́mù ní bó bá ti jẹ́ wúńdíá, tó sì dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀sìn. Kò pẹ́ tí Sáfù fi padà sílé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ojú wíwú, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ mú un wá sí àgbàlá wa lọ́jọ́ Àìkú kan, ó gbé e jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ó ní, "Alájà, ẹ wò ó. Wọ́n ní ó dákẹ́ lọ́jọ́ yìgì. Ó ti wá mọ bá a ṣe ń dákẹ́ dáadáa báyìí." Sáfù ń wo àwọn búta. Mo rántí pé mo gbé omi fún un, ó gba kọ́ọ̀bù náà, kò mu ún, kò sì dá a padà.

Màmá lọ bá ìgbìmọ̀. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn á wò ó. Ó padà lọ, wọ́n ní ìyá gbogbo àwọn ni, kó ṣe sùúrù. Nígbà tí Ramadan kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn alfa àlejò ń bọ̀ láti Port-Gentil wá ṣe tàfsírì, Màmá kó àwọn obìnrin jọ, ó ní kí kálukú dáná fún ilé rẹ̀ nìkan, kí wọ́n dojú ìkòkò mọ́ṣáláṣí dé. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin rò pé oúnjẹ pẹ́ ni. Wọ́n fi búrẹ́dì àti sàdíìnì ṣínu. Ní ọjọ́ kejì, búrẹ́dì àti sàdíìnì. Àwọn àlejò ń wo ojú ara wọn. Lèmọ́mù, tó ti dàgbà, ní inú ń run òun. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Màmá.

Ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé náà, Màmá ṣe é fún wa lójú agbo nílé, ó ń yí ohùn padà bó ṣe ń bọ́ láti ẹnu ọkùnrin kan sí èkejì, Rísì sì ń fi ẹ̀rín yí nílẹ̀. Lèmọ́mù ní, "Alájà, mi ò lè pa ohun tí Ànábì sọ rẹ́. Ìdákẹ́ wúńdíá, ó ti gbà ni." Màmá ní, "Mi ò ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́. Ẹni tí ojú ń tì máa ń dákẹ́. Ẹni tí ẹkún dí lọ́fun náà máa ń dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí yìgì kankan tó so ní mọ́ṣáláṣí wa, Ìyá Àdínnì ni yóò wọlé lọ bi ọmọ léèrè. Bí ọmọ bá kọ̀, kò sí yìgì. Bí ó bá dákẹ́, Ìyá Àdínnì ni yóò sọ irú ìdákẹ́ tó jẹ́. Lèmọ́mù kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn obìnrin sì kígbe lẹ́yìn aṣọ ìkélé débi pé àwọn ọkùnrin yíjú padà. Nígbà tí a délé, Màmá bọ́ láwàní rẹ̀, ó jókòó sórí garawa, ó ní, "Ó tó ká máa bi èèyàn." Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tún rí i bẹ́ẹ̀ mọ́.

Rísì wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní girama lọ́dún náà. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní bák, tó jẹ́ pé òun lèèyàn fi ń wọ yunifásítì, ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ti fọkàn sí i pé agbẹ̀bí ni òun yóò dà. Ó ga, ó tínrín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Tí Mọ́mì bá ní kó ṣa ẹ̀wà, á gbé ìwé lé itan, á máa fi ojú kan wo ẹ̀wà, á fi ìkejì wo ìwé. Bàbá mi fi eyín rún òkúta lọ́jọ́ kan, ó rọra tu ú sọ́wọ́, ó ní, "Rísì, ṣé ìwọ̀nyí náà wà nínú bák ni?" Bàbá mi kì í pariwo. Ó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní èbúté Owendo, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò lè wo ojú ẹni tó jù ú lọ kó ní rárá. Nítorí náà, nígbà tí Alhaji Gàníyù, tí í ṣe Baba Àdínnì mọ́ṣáláṣí wa, wá tọrọ Rísì fún àbúrò rẹ̀, bàbá mi ní iyì ńlá ni. Mùsílíù lorúkọ àbúrò yẹn. Ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní àdúgbò PK8, ó sì ti ní ìyàwó kan nílé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Rísì kò fẹ́ ẹ ni.

Rísì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́, mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀. Ṣebí Màmá ló máa wọlé wá bi mí." Ó sáré lọ bá Màmá níbi tó ti ń nu abọ́. Màmá fi ọwọ́ tútù pa á lórí, ó ní, "Lọ jókòó ka ìwé rẹ. Ọjọ́ tí mo bá wọlé wá bi ọ́, ohun tó bá wà nínú rẹ ni kó o sọ. Kí ni mo dojú ìkòkò dé fún?" Rísì padà sídìí ẹ̀kọ́ ìtàn rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àgbàlá, ó ń ka orúkọ àwọn ọba ilẹ̀ Faransé lọ geerege, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ṣùgbọ́n Alhaji Gàníyù ti ń sọ kiri ní mọ́ṣáláṣí. Ìyá Sáfù ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá Màmá ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Mont-Bouët, níbi tí mo ti ń to búta lérí ara wọn. Ó ní, "Alájà, wọ́n ti ń rojọ́ yín o. Wọ́n ní ilé yín gan-an làwọn ti máa mọ̀ bóyá ẹ̀sìn lẹ ń tún ṣe. Wọ́n ní tí ọmọ yín bá fi lè kọ àbúrò Baba Àdínnì, a jẹ́ pé torí ọmọ yín lẹ ṣe ṣe òfin. Wọ́n ní lọ́jọ́ náà gan-an làwọn máa gbà á padà lọ́wọ́ yín." Màmá ní, "Ta ló wí bẹ́ẹ̀?" Ìyá Sáfù ní, "Gbogbo wọn ni." Màmá ta búta kan fún oníbàárà kan, kò ná an, iye tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ dá lé e ló gbà. Láti ọjọ́ náà ló ti yàtọ̀. Á mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, kò sì ní yí i. Mo ṣèèṣì fi Faransé kí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n bọ̀ wá mu ẹ̀kọ. Ẹ̀rù bà mí ju kó gbá mi létí lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n so yìgì. Wọ́n ta tapólì sí àgbàlá, wọ́n kó àwọn búta lọ sẹ́yìnkùlé, àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní tí mo máa ń tẹ́ fún àwọn alásàlátù. Rísì wà ní yàrá, létí bẹ́ẹ̀dì, nínú aṣọ funfun, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí Màmá wọlé, ó yẹ kí n jáde, ṣùgbọ́n Rísì kò fi mí sílẹ̀, Màmá sì ní ọmọdé ni, kí n jókòó. Kò pè é ní Rísì. Ó ní, "Risikátù, Mùsílíù fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Ṣé o gbà?"

"Rárá, Màmá. Mi ò gbà. Mi ò fẹ́ ẹ." Ó sọ ọ́ ketekete, bí ẹni tó ń dáhùn lójú olùkọ́. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tún un wí ní Faransé kó lè dá a lójú: "Non, Màmá. C'est non."

Màmá jókòó tì í. Ó ní, "Mo gbọ́." Ó wá ní, "Tí mo bá jáde báyìí kí n ní o kọ̀, ìwọ ló máa kọ̀ kẹ́yìn. Wọn ò tún ní jẹ́ kí n bi ọmọ kankan mọ́. Àbúrò rẹ tó jókòó yìí, wọn ò ní bi í."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ohun tó wà nínú mi."

"O ti sọ ọ́. Mo ti gbọ́." Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó gbé aṣọ ẹnu ilẹ̀kùn sókè, ó jáde. Rísì ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Ohun tí Màmá ní lọ́kàn kò tíì yé e. Kò yé èmi náà.

Mo yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Lèmọ́mù ní, "Alájà, kí ni ọmọ wí?" Màmá dúró láàárín àgbàlá, ó ní, "Ó dákẹ́." Lèmọ́mù gbójú sókè, ó wò ó dáadáa. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe òmùgọ̀, inú rẹ̀ sì ti run nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó bi í bí wọ́n ṣe jọ fẹnu kò, "Irú ìdákẹ́ wo ni?" Gbogbo ọkùnrin àgbàlá ń wo Màmá, Alhaji Gàníyù na ọrùn. Màmá ní, "Ìdákẹ́ ìtìjú ni." Wọ́n ní, "Àlìhámúdù lílááhì," àgbàlá sì hó yèè. Lẹ́yìn mi, Rísì ń wí pé, "Mo sọ̀rọ̀. Mo mà sọ̀rọ̀." Ó di èjìká mi mú, ó yí mi padà, ó ní, "Ṣebí o gbọ́ mi?" Mo ní mo gbọ́. Mo sáré jáde, mo lọ fa agbádá bàbá mi, mo ní, "Bàbá, Rísì ò dákẹ́ o. Ó ní òun ò fẹ́." Bàbá mi wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó mú ẹran kan nínú abọ́, ó fi sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ máa jẹ ẹ́ lẹ́yìnkùlé. Títí di òní, mi ò lè jẹ ẹran ìyàwó.

Nígbà tí àdúrà parí, Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé ìrẹsì wọlé fún Rísì, nínú abọ́ tánńganran tó dára jù ní ìsọ̀ rẹ̀. Rísì wo abọ́ náà. Kò sunkún, kò pariwo. Ó ní, "Màmá, ìrẹsì ta ni?" Màmá gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo sì bá a níbẹ̀ tó ń fọ àwọn búta tí kò dọ̀tí.

Rísì kò ṣe bák. Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe é, ó ń ta bẹ́líìtì mọ́tò ní PK8. Ó gbàgbé búta rẹ̀ sílé wa, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Láràárọ̀, mo ń gbọ́ lórí ẹní bí Màmá ṣe ń bu omi sí i bí ẹni pé olóhun wà nílé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a dà á sí ìdí igi àtángà. Òfin náà kò kú. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, torí òótọ́ ni, òun ló sì ń dùn mí jù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ kọ ọkọ tí wọ́n fẹ́ fún un. Màmá jáde, ó ní, "Ó kọ̀," Lèmọ́mù sì ká ẹní rẹ̀, kálukú gba ilé lọ. Kò sí ọkùnrin tó lè ráhùn. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ lójú ẹni tó ti fi ọmọ tirẹ̀ fọ́kọ? Ọmọ púpọ̀ ló ti kọ̀ láti ìgbà náà. Èmi náà kọ̀ nígbà tó kàn mí, Màmá jáde, ó sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo sì padà sídìí ìwé mi. Inú mi yẹ kó dùn. Ìtìjú ló bò mí.

Tí Màmá bá lọ sí PK8, Rísì á kúnlẹ̀ kí i, á gbé omi fún un, á ní kí ó jókòó. Kò bá a jà rí. Ó kàn ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò ni. Mo rò pé ìjà ni ìyá àgbà náà ń retí, tó sì ń lọ sílé láìrí i. Ọ̀sán kan tó ti darúgbó, tí àwa méjì ń ṣa ẹ̀wà, mo bi í, "Màmá, ṣé Rísì dákẹ́ lọ́jọ́ náà?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ka àwọn ọmọ tó ti kọ̀ látìgbà yẹn ná, kó o tó bi mí." Mo ní, "Mo ti kà wọ́n. Rísì ò sí níbẹ̀." Ó ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Èmi náà ti kà á." Mo ń gbọ́ báyìí tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń wí pé bí obìnrin bá lè di aṣáájú láàárín àwa Mùsùlùmí, nǹkan á yí padà. Mi ò bá wọn jiyàn. Obìnrin ṣáájú wa, nǹkan sì yí padà. Mo mọ ẹni tó yí gba orí rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí Màmá kú, bàbá mi ti lọ, Lèmọ́mù àgbà náà ti lọ. A ṣe fídáù rẹ̀ ní àgbàlá kan náà, lábẹ́ tapólì. Alfa ọ̀dọ́ kan, tí wọn kò tíì bí nígbà tí wọ́n so yìgì Rísì, dìde, ó sọ ìtàn Màmá dáadáa: búrẹ́dì àti sàdíìnì, ìkòkò tó dojú dé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ní Alájà ló fún àwọn ọmọbìnrin wa lẹ́nu, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé onílé, ilé ara rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ tó kọ́kọ́ bi léèrè wà láàárín wa níbí. Àǹtí Risikátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀. Kí lẹ wí fún Màmá lọ́jọ́ náà?"

Wọ́n gbé máìkì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Rísì dìde, ó gbà á. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó wọlé, ó jáde, gbogbo àgbàlá sì ń dúró dè é. Ó wo ibi tí àwọn búta máa ń wà lẹ́bàá ògiri. Ó pẹ́ débi pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Alfa rọra gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀dùn ọkàn ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sínú àdúrà." Gbogbo wọn ní àmín. Rísì jókòó tì mí, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó di ọwọ́ mi mú. Nínú gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ irú ìdákẹ́ tó jẹ́.